Ọwọ́ tí Ẹ Fi Pamọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olóhùn jẹ́jẹ́,

Iwájú fèrèsé yàrá yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Aago mẹ́wàá ni dókítà ní kí èmi àti Rasaki wá gba èsì ẹ̀jẹ̀ mi, àyà mi sì ti ń já láti àná. Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ni mo bá ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ta ni mo tún fẹ́ bá sọ ọ́?

Ẹ ò mọ̀ pé Rasaki àbúrò mi ń ṣàìsàn. Ọdún kejì tí ẹ lọ ló bẹ̀rẹ̀. Ibà lónìí, ikọ́ lọ́la, ọrùn rẹ̀ wú, ó sì rù débi pé bó bá dé fìlà yín, fìlà ọ̀hún á bo etí rẹ̀ méjèèjì. Iná ò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò tán léèékánná; bí a ti ń tọ́jú èyí ni òmíràn ń yọjú. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa bá àìsàn jà nínú ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Dókítà bi wá bóyá ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ rí nílé wa. Àǹtí Bíntù, àbúrò yín obìnrin, ló tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Kí dókítà tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti dáhùn: "Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé tiwa o, dókítà. Ilé wa mọ́." Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn ọmọge tí a kò tíì fọ́kọ ṣì wà nínú agbo ilé, ẹ sì mọ bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń wádìí ilé kí wọ́n tó bá èèyàn dána. Ẹni tó bá gbọ́ pé àrùn ìdílé wà níbì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tún yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá nìkan padà wọlé tọ dókítà lọ, mo sọ̀rọ̀ ọwọ́ yín fún un. Ẹ foríjì mí.

Mo sọ fún un pé kókó kéékèèké bo ọwọ́ yín láti àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́, pé kò sí oògùn tí ẹ ò fi sí i, kò lọ. Mo ní inú yàrá lẹ ti ń ṣe àlùwàlá, pé ẹ kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, táwọn èèyàn fi ń pè yín ní agbéraga. Mo sọ nípa ìbọ̀wọ́ funfun tí ẹ ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ọjà Balógun rò pé torí kí léèsì má baà dọ̀tí ni. Mo sọ nípa ikọ́ yín, àti òtútù àyà tó gbé yín lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni bí ìbọ̀wọ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹ ń mú mi lọ sí ilé kéú, ẹ fẹ́ di ọwọ́ mi mú ká fi sọdá títì, mo bá fa ọwọ́ mi yọ, torí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò wá. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn ki ọwọ́ bọ àpò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn lẹ ra ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Ṣé torí mi ni, Bàbá? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti fẹ́ bi yín.

Wọ́n ti rí ohun tó fà á báyìí. Jíìnì kan ni, ohun àjogúnbá inú ara, GATA2 lorúkọ rẹ̀. Rasaki ń pè é ní Àlàájì Gátà, àfi bí àlejò tó wá gba yàrá mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ní in. Òun ló ń darí bí mùdùnmúdùn inú egungun ṣe ń dá àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, òun ló ń sọ ohun tí kálukú wọn máa dà. Tiyín ló ní àléébù. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ní ẹ fọwọ́ kàn ní kékeré. Lára yín ló ti bọ́ sára Rasaki. Ó lè wà lára èmi náà, ó sì lè má sí. Dókítà ní ìdajì sí ìdajì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Mùdùnmúdùn ẹlòmíràn nìkan ló lè gba Rasaki là. Ìyá wa ti ṣáájú yín lọ, àwa méjì péré lẹ sì bí. Wọ́n yẹ èmi àti àwọn ọmọ àbúrò yín wò, tèmi nìkan ló bá tirẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ọ, Àǹtí Bíntù ṣe sàráà fún gbogbo agbo ilé. Ìgbà yẹn ni dókítà ní ká má tíì yọ̀. Bí Gátà aláléébù yẹn bá wà lára mi, mùdùnmúdùn mi ò wúlò fún Rasaki, èmi náà á sì máa wá ti ẹlòmíràn kiri. Èsì yẹn ni wọ́n ní ká wá gbà lónìí.

Bàbá, kókó kan ti yọ sí àtàǹpàkò òsì mi. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni. Mo fi pílásítà bò ó. Ẹni tó bá bi mí, mo ní ọ̀bẹ ló gé mi. Ó lè jẹ́ kókó lásán. Ta ni kókó kì í yọ sí lára? Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, mi ò sì gbà á gbọ́. Rasaki ti ń sọ irú aṣọ tó máa dá fún Iléyá tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa na irú ọwọ́ yìí sí i? Ọ̀rọ̀ yín wá yé mi. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ máa ń rò pé àánú lòun ń ṣe. Àánú wa lẹ ń ṣe, àbí ojú ló ń tì yín?

Mo fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo lọ bá Rasaki níbi tó ti ń lọ aṣọ rẹ̀, mo ṣí pílásítà náà, mo na ọwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà. Ó ní, "Sìstá mi, mo ti rí i tipẹ́ jàre. Ṣebí èmi ni mo bá wọn wẹ Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n kú, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?" Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun rò pé mi ò fẹ́ kí òun mọ̀ ni. Oṣù méjì la fi ń pa á mọ́ fún ara wa, inú ilé kan náà, abọ́ kan náà la ti ń jẹun.

Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wá jókòó tì mí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti rí kókó náà, gbogbo ìrun lòun fi ń bẹ Ọlọ́run kí Gátà má sí lára mi, pé kì í ṣe torí mùdùnmúdùn. Ó ti wà nísàlẹ̀ báyìí, ó ń pè mí ká máa lọ. Èmi ní tèmi, kí n má parọ́ fún yín, torí òun àti torí ara mi ni mo ṣe ń gbàdúrà, Bàbá, mi ò sì mọ èwo ló ṣáájú lọ́kàn mi.

Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín.