Ẹni Tí Ó Ka Odò Bessé Mọ́ Ìnáwó Ilé-Iṣẹ́: Olóògbé Géraldine Wẹ̀mímọ́ Chabi (1966–2025)

A bí Olóògbé Géraldine Wẹ̀mímọ́ Chabi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1966, ní Bessé, ní ilẹ̀ Savè, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bàbá rẹ̀ ni Tìmóthì Biaou, àgbẹ̀ oníṣu àti onígi kajú, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ìyá rẹ̀ ni Wàsílátù, ọmọ Adido, tí kò fi ìrun kíkí sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Florent, àkọ́bí, tí ó ń kọ ìtàn yìí ní orúkọ ẹbí, àti olóògbé.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Bessé ní ọdún 1972. Lẹ́yìn sẹ̀tífíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ ní ọjọ́ Ajé, òun náà ni ó ń gbé e bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó gba báàkì, ìwé-ẹ̀rí àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní 1985. Ẹbí fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì, ìṣirò owó ni òun fẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ kọ́ ọ ní yunifásítì, ó sì yege.

Ní ọdún 1993, ní ẹkùn Plateau ti Benin, ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Antoine Chabi, olùkọ́.

Ó ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ó sì padà sílé ní 2009 láti di olórí àwọn oníṣirò ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe kajú nítòsí Bessé. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ohun tí a ó fi máa rántí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ń fa omi odò láti fi se kajú, ó sì ń da omi dúdú padà síbẹ̀. Igi tí wọ́n fi ń dáná ń tán nínú igbó. Ẹja lọ. Àwọn ìyá kò lè rẹ ẹ̀gẹ́ sínú odò mọ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, èrè ńlá ni wọ́n ń kéde. Ní 2018, wọ́n fẹ́ yáwó ní báńkì láti fi ra ẹ̀rọ sí i. Wọ́n ní kí olóògbé fọwọ́ sí ìṣirò ọdún. Ó kọ̀.

Àṣà kan wà ní Bessé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ojúlé kọ̀ọ̀kan ń rán ènìyàn lọ kó ẹrẹ̀ kúrò nínú odò. Ojúlé tí kò bá wá kò gbọdọ̀ pọnmi níbẹ̀. Olóògbé sọ fún wọn pé ojúlé ni ilé-iṣẹ́ náà, ó ń pọnmi ju gbogbo Bessé lọ, kò sì kó ẹrẹ̀ rí. Ó ní títún odò ṣe àti gbígbin igi padà jẹ́ ìnáwó bí owó oṣù òṣìṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó sọ pé àwọn jèrè. Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Fadel, bi í pé: “Madámù, ṣé odò ló gbà yín síṣẹ́ ni, àbí èmi?” Ó dáhùn pé: “Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí odò bá kú, iṣẹ́ wo lẹ ó rí fún mi?”

Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé. Owó oṣù rẹ̀ ni Landry, ọmọ rẹ̀, fi ń kàwé nígbà náà. Àwọn ará ilé bẹ̀ ẹ́. Kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tí àwọn ará báńkì dé, wọ́n béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe nípa omi àti igbó kí owó tó jáde. Ọ̀gbẹ́ni Fadel fúnra rẹ̀ wá sí àgbàlá olóògbé láti bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni olóògbé béèrè kí òun tó padà: kí ọ̀gá wá kó ẹrẹ̀ bí olórí ojúlé.

Ó wá, ní 2019, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè. Àwọn ìyá ń pariwo pé: “Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, ẹrẹ̀ kò mọ ọ̀gá àgbà!” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó o.

Láti ìgbà náà, kòtò wà tí omi dúdú ń dúró sí, èèpo kajú ni wọ́n fi ń dáná, wọ́n sì ń gbin igi. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìṣirò ọdún. Báńkì yá wọn lówó, wọ́n gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, ẹja sì padà. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń jèrè, èrè òótọ́ sì ni.

Olóògbé sin Ọlọ́run nínú ìjọ bàbá rẹ̀ láìkáàárẹ̀. Lásìkò ààwẹ̀, òun ni ó ń se oúnjẹ ìṣínu fún àwọn ẹbí ìyá rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó wà lórí ibùsùn àìsàn nígbà tí ọjọ́ ẹrẹ̀ kíkó pé. Ó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ wá. A sọ fún un pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ó ní, “Ó dáa.” Ó papòdà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin.

Ó fi ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Antoine, sílẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Landry àti Aurélie, àwọn ọmọ-ọmọ, àti ẹ̀gbọ́n kan.

Odò Bessé ni àwọn ìyá ti pọn omi tí a fi wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Omi náà mọ́.

Àbúrò mi, iṣẹ́ rẹ dúró. Kí Olúwa fún ọ ní ìsinmi tí kò ní ìdíwọ́.