Àdúrà Ló Kún Inú Fóònù Mi, Kì í Ṣe Ìbínú

Erékùṣù Haʻano, Tonga, ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Kalolaine, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọmọ yá? Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, àbí ó ń bá ọ jà bí ìwọ náà ṣe bá mi jà? Ọlọ́run tó gbé bàálù yín dúró lójú sánmà láìsí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ nílùú àjèjì. Òtútù Auckland kò ní wọ inú egungun rẹ. Àwa náà wà níbí láìkú láìrùn, àfi eékún bàbá rẹ tó máa ń dùn ún nígbà tí iṣẹ́ oko bá yá, tí kì í sì í dùn ún rárá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pè é síbi tí wọ́n ti ń mu omi gbòǹgbò kává. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ti bímọ. Wọ́n ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, kò wu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀dà náà tọrẹ ló ń jókòó níwájú.

Bí lẹ́tà méjì bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ inú wọn sì jọra bí ìbejì, má sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ìyá rẹ ti ń ṣarán. Àbúrò mi Lopeti ló kọ́ mi. Ó ní ohun tó bá ṣe iyebíye, kí èèyàn má fi sí ojú kan, kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, nítorí ìbàjẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ pásítọ̀ tó ń lọ wọ bàálù, ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ àpò iṣu. Mo bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, ọwọ́ ń ro mí, mo fi sílẹ̀.

Wàyí o, mo gbọ́ ohun tí o ń sọ káàkiri. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ tó wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín fi ránṣẹ́ sílé pé o ní mo kẹ̀yìn sí ọ nítorí pé ọmọ ṣáájú ìgbéyàwó dé. Kalolaine, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Èmi? Ọjọ́ wo? Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí mo bá sì fẹ́ bínú sí ọ, ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú ni? O mọ ẹnu mi. Ìbínú mi kì í dákẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ ọ. Fóònù ló dákẹ́, kì í ṣe èmi, ohun tí mo sì fẹ́ kí o mọ̀ nínú lẹ́tà yìí nìyẹn.

Láti ìgbà tí o ti bímọ, gbogbo àwòrán àti ohùn tí o ń fi ránṣẹ́, òbìrí kékeré kan tó ń yí lọ yí bọ̀ ni mo ń rí. Yóò yí, yóò yí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè kò sí. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ní àyè kò sí báwo? Ta ló bi í? Mo gbá yàrá rẹ àtijọ́, mo kó àwọ̀n ìpẹja bàbá rẹ jáde, mo tẹ́ ẹní tuntun, mo sì gbé fóònù náà yí inú yàrá ká kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé àyè wà. Kò gbà. Mo wá rò pé òtútù ló mú un, nítorí bí òkun ṣe sún mọ́ wa. Nígbà tí a kó oúnjẹ kúrò nínú umu, ihò ìdáná wa, tí òkúta inú rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, mo sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí ara rẹ̀ gbẹ. Kò kú. Àmọ́ títí di òní, bí mo bá gbé e sétí, òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń rùn.

Ṣé o gbọ́ pé Lopeti ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Nukuʻalofa pa? Kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí o, iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Tonga yìí, ta ni kì í ṣe ìbátan ẹni? Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wọlé, kó tó jókòó, yóò ti ka ìran dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wa, bí wọ́n bá sì tún un ṣe tán, yóò fi iṣu dúpẹ́. Onílé kò gba iṣu. Ó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ wálé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo fóònù Haʻano ló ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tèmi. O mọ ìdí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọkùnrin kì í sì í tú ohun tí arábìnrin rẹ̀ ń lò wò. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù sí i lẹ́nu, kò wọ yàrá tí mò ń sùn rí, bí wọ́n bá sì fi ẹnu ko ẹnu nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mo wà níbẹ̀, kíá ni yóò rántí pé òun kò tíì fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ. Ta ni yóò wá gbé fóònù mi fún un? Bí ó bá bá àwòrán ibi tí mo ti ń fọ irun pàdé níbẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ dá ọgbọ́n kan, ó gbé e lọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Lopeti rí àpò òwú pupa tí mo hun fún fóònù náà, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀yinná, ó ní kí bàbá rẹ má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ni mo bá ń lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ní bí fóònù bá mu omi, kí ẹnikẹ́ni má sin ín sínú ìrẹsì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi í síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kò mẹ́nu ba umu, èmi náà kò bèèrè. Ó ní kí páswọ́ọ̀dù wa má jọ ti ẹlòmíràn. Mo gba ìyẹn gbọ́ gidigidi. Mo dìde ní ìpàdé àwọn ìyá lọ́jọ́ kejì, mo pe tèmi síta ketekete, mo sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Gbogbo wọn gbà. Ó ní bí àjèjì bá kọ̀wé sí wa pé a jẹ ẹ̀bùn ńlá, kí a má dá a lóhùn. Ìyẹn ni mi ò gbà. Èèyàn kí ọ, o ò ní jẹ́ ẹ? Kí fóònù tó kún, ọ̀kan ti kí mi láti ìlú tí mi ò mọ̀, mo kí i padà, mo bèèrè ìyá rẹ̀, mo bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, mo ròyìn eékún bàbá rẹ fún un títí dé orí oògùn tí wọ́n fi ń pa á. Òun ló sá fún mi, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìròyìn ẹnu rẹ wá dé, mo lọ sílé Lopeti, mo dúró lójúde, mo ní ọmọ mi ti ń sọ pé mo kọ òun. Ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò ní wo inú fóònù mi láé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí òun má wo òkun. Ní Sátidé, ó gbé àpótí wá sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù wa, ó kọjú sí òkun, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, èmi sì jókòó nínú ilé lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bàbá rẹ tẹ́ ẹní sáàárín àwa méjèèjì, ó ní òun ni adájọ́, ó sì sùn.

Lopeti ní kí n pa á kí n tún tàn án. Mo ṣe é. Ó ní kí n tẹ ibi báyìí, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n ka ohun tó gba àyè jù, mo kà á, àwòrán ni. Ó bèèrè pé àwòrán kí ni. Mo ní àwòrán òdòdó. Ó ní òdòdó wo? Mo ní òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí, èyí tí àwọn ìyá ìjọ máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, ẹlòmíràn á fi ẹyẹlé ránṣẹ́, ẹlòmíràn á fi ọmọ ológbò tó kúnlẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò pa ẹyọ kan rẹ́ rí láti ọjọ́ tí o ti ra fóònù náà fún mi. Ó ní kí n pa gbogbo wọn rẹ́. Mo ní kí n pa àdúrà rẹ́? Àdúrà tí wọ́n fi ní kí n má kú lójijì, kí n pa á rẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, bí mo bá wá kú kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́ ńkọ́? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, ẹ dákun, àdúrà yìí ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí ọmọ ọmọ yín wọlé. Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó mú igi kékeré kan, ó ń fi ha ilẹ̀. Ó wá bèèrè bóyá mo ti ṣe àmín sí wọn. Mo ní sí àwọn kan. Ó ní èyí tí mo bá ti ṣe àmín sí ti gòkè lọ, èèpo rẹ̀ ló kù nínú fóònù, ta ló sì ń tọ́jú èèpo iṣu? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹyọ kan lọ láìgba àmín tirẹ̀. Mo ń kà á sókè, Lopeti ń ṣe àmín sójú òkun, mo ń pa á rẹ́. Àdúrà fún ẹ̀yìn ríro, àmín. Àdúrà fún ọkọ ọ̀lẹ, àmín, bàbá rẹ náà ṣe àmín lójú oorun. Àdúrà kí ọ̀tá ṣubú, láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí mo fura pé èmi gan-an ni ọ̀tá náà, Lopeti ti ṣe àmín kí n tó dá a dúró. Àwọn tó ń kọjá rò pé ìsìn ni. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ yà wọlé, ó jókòó, ó bá wa ṣe àmín títí, kò bèèrè nǹkan kan.

Nígbà tó yá, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí o ti fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Èyí àkọ́kọ́, o ń rẹ́rìn-ín, o ní Màmá, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ yín ló gbé wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, o ń bèèrè bóyá mo rí i. Èyí tó gbẹ̀yìn, o ń sunkún, o ní bí mi ò bá fẹ́ ọmọ náà, kí n kúkú sọ, kí n má kàn dákẹ́ mọ́ ọ lórí. Kalolaine, ó dùn mí dé ìdí ọkàn. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà, nítorí gbogbo ìgbà tí o ń bẹ̀ mí yẹn, ọmọ ológbò ni mò ń tọ́jú. Lopeti náà gbọ́ ọ, fèrèsé wa kò ní gíláàsì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò yíjú. Ó kàn ní ẹ̀gbọ́n òun, ẹ pe ọmọ yín, ẹ tẹ èyí tó ní àwòrán kámẹ́rà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́.

O gbé e, o sì gbé ọmọ náà síwájú. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń yán, imú rẹ̀ sì ni imú ìyá mi gẹ́lẹ́. Mo ń pariwo, ìwọ ń pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Mo wá wòta. Àbúrò mi ṣì kọjú sí òkun, ó na ọrùn bí àkùkọ, kò sì wẹ̀yìn. Ìyá kan náà ló bí wa, imú ìyá rẹ̀ tún wá sáyé, òun kò sì lè wò ó nítorí pé inú fóònù mi ló wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹni tí ọmọ rẹ jẹ́. Ìwọ náà, nígbà tí o wà ní kékeré, ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Lopeti, tí o ń mú ẹran lórí àwo rẹ̀, tí kò sì lè wí nǹkan kan? Ọmọ arábìnrin ni fahu, ohun tó bá ní kí arákùnrin ìyá rẹ̀ ṣe, ó di ṣíṣe. Ọmọ rẹ jogún ẹ̀tọ́ yẹn, ó tún fi lé e. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní Lopeti, èmi kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yìí o, fahu rẹ ló ní kí o yíjú padà kí o wá kí òun. Ó ní ṣé ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ni? Mo ní ó yán, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké.

Ó dìde, àpótí ṣubú lé bàbá rẹ lẹ́sẹ̀. Ó wá sí fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì fóònù mi kí ojú rẹ̀ má bàa kan nǹkan mìíràn, ó wo ọmọ náà, ó pè é ní Màmá, ó sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni dátà tán.

Nítorí náà, ojú ńlá tó ń sunkún tí o rí kí gbogbo rẹ̀ tó ṣókùnkùn, kì í ṣe ojú ọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó kú. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà, kí o sì fi ti oògùn eékún bàbá rẹ kún un, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pọ̀, kí eékún náà má di ti oníjó. Bá mi kí ọkùnrin náà, bàbá ọmọ. Orúkọ rẹ̀ kò tíì rọ̀ mí lẹ́nu, mò ń kọ́ ọ.

Ọmú rẹ kò ní gbẹ. Ọmọ náà yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì yọ ọ́ lẹ́nu bí o ṣe yọ mí lẹ́nu, kí o lè mọ̀ ọ́n. Ilé ayé kò ní le mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má kọ àmín náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù o, àyè ọmọ ló wà níbẹ̀. Gbé e wá fúnra rẹ, ìwọ àti ọmọ àti bàbá rẹ̀, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Telesia