Ọjọ́ Ìbí Tí O Yàn fún Bàbá

Ajíbádé,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà ní Àkírà? Gbogbo ará ilé ní Òkè-Ìlá ń kí yín. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀.

Àmọ́ ṣé ojú ò tiẹ̀ tì ọ́ ni? Bàbá ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ìwọ lo kọ ọjọ́ ìbí Nkrumah, tó gba òmìnira fún Gánà, sínú fọ́ọ̀mù wọn. O ní ọjọ́ ìsinmi ni níbẹ̀, o ò ní í rí àwáwí wí. Lánàá, wọ́n pé ọgọ́rin ọdún. Wọn ò jẹ́ ká gún iyán títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní o ń bọ̀. O ò wá, o ò sì pè!

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Bàbá ní bóyá ọjọ́ yẹn ni ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o bá àwọn mú òmíràn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àyọ̀kẹ́