Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Mi

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu, 2024.

Jọlá, ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣemílóore ti ń rìn báyìí, àbí ó ṣì ń di ògiri mú? Mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ gan-an ní Òṣogbo. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́ ọ̀hún ń há wa lọ́fun díẹ̀.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá orí fóònù. Bàbá rẹ, Dádì Òṣogbo, kì í gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé wa. Mo fẹ́ kí o ka ìwé yìí sí wọn létí láti òkè délẹ̀, kódà bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ọ.

O mọ̀ pé ẹ̀gbà kọlu bàbá mi lẹ́yìn Àjíǹde. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé nígbà tí ohùn wọn padà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá a wá: "Ṣíọ̀." Bí wọ́n bá fẹ́ omi, ṣíọ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro wọ́n, ṣíọ̀ ni. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn Ring Road sọ pé àìsàn náà ba ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde nínú ọpọlọ jẹ́. Pé ohun tí Bàbá ń rò wà nínú wọn pérépéré, ẹnu ni kò lè gbé e jáde. Ó ní nígbà mìíràn èébú ló máa ń ṣẹ́ kù, nígbà mìíràn àdúrà. Àwa ò rí àdúrà gbà.

Ìwọ náà mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n bú ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí Simon àbúrò mi wà ní kékeré, tó sọ ṣíọ̀ sí ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ, Bàbá fà á lọ́wọ́ dé ilé ìyá ọmọ náà lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní èèyàn lè pòṣé kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń bínú sí, ṣùgbọ́n ṣíọ̀ gbọ́dọ̀ rí ojú tí yóò balẹ̀ sí. Ẹni tí o bá sọ ọ́ sí, o ti yọ ọ́ kúrò láàárín èèyàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kórìíra jù ló wá di gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní.

Màmá mi ló kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá wẹ̀ fún Bàbá tán láàárọ̀, tí wọ́n fi òrí pa wọ́n lára, ohun tí wọ́n á gbọ́ nìyẹn. Mo bá wọn lẹ́yìn ilé ìdáná níjọ́ kan tí wọ́n ń sunkún. "Tiwá, láti ìgbà tí mo ti wọlé bàbá rẹ, wọn ò sọ ọ́ sí mi rí. Mo mọ̀ pé àìsàn ni. Etí mi ni ò mọ̀."

Àwọn ará ìjọ ò dúró gbọ́ àlàyé. Ìyá Fikáyọ̀ gbàdúrà títí, ó ku kí a ṣe àmín, Bàbá ní "Ṣíọ̀!" Obìnrin náà kó Bíbélì rẹ̀, ó ní ẹ̀mí kan ló ń bẹ nínú wọn. Àlàájà Safiyyah, ará ilé kejì wa, nìkan ni kò yẹsẹ̀. Bí Bàbá bá sọ ọ́ sí wọn, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin náà ṣíọ̀, Bàbá Simon!" Bàbá á sì rẹ́rìn-ín títí itọ́ á fi máa ṣàn. Ẹ̀rín tó kù nílé wa kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Láti ìgbà tí bàbá mi àti bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ti jà lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìlẹ̀kùn kàn ṣí, Dádì Òṣogbo wọlé. Wọn ò pè sílẹ̀. Ilé ìdáná ni mo wà. Kí n tó nu ọwọ́, wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbà bíi tiwọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Bàbá wo ojú wọn. Wọ́n na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní, "Ṣíọ̀!"

Dádì dìde, wọ́n gbọn orúnkún ṣòkòtò wọn, wọ́n jáde láìmu omi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀lé wọn dé Ìwó Road. Inú mọ́tò Òṣogbo ni mo ti bá wọn. Mo ṣàlàyé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ láàárín èrò. Wọn ò wò mí. "Tiwátọ́pẹ́, mo mọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní in sínú fún mi. Àìsàn ló kàn bá wọn ṣí ìdérí rẹ̀." Mọ́tò sì gbéra.

N ò ní purọ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́? Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń nàka sí ṣáá. Simon wá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán Dádì níbi ìgbéyàwó rẹ hàn wọ́n. Bàbá gba fóònù, wọ́n gbé e lé àyà, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ṣíọ̀. Ṣíọ̀. Ṣíọ̀." Jọlá, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ tó o fi máa gbà mí gbọ́.

Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Kí wọ́n di etí bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ṣáà wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ yìí, kò sí ẹni tó jù ú. Dókítà ò sì lè fi dá wa lójú pé ẹ̀gbà mìíràn ò ní tẹ̀lé ti àkọ́kọ́.

Kí ọkọ rẹ fún mi, kí o sì gbé Ṣemílóore sókè lórúkọ mi. Màmá àti Simon ń kí yín. Láàárọ̀ yìí mo sọ fún Bàbá pé mò ń kọ̀wé sí Òṣogbo. O mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nàka sí àga ojú fèrèsé. A gbé wọn jókòó síbẹ̀, wọ́n kọjú sí títì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì gbà kí a gbé wọn kúrò níbẹ̀.

                                        Èmi ni, ọmọ bàbá rẹ tó ń retí yín,
                                        Tiwátọ́pẹ́.