Nípa Ẹ̀rọ Méjì Tí O Fi Ránṣẹ́ àti Ibùsùn Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, títí kan ẹni òkè rẹ tó máa ń wọ́ àga káàkiri. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà, àwọn adìẹ wà, òrùlé wà, àmọ́ bàbá rẹ kò sí nílé. Má pariwo, wọn ò kú. Wọ́n bínú lọ sílé àbúrò wọn obìnrin ni.

Ẹ̀rọ méjì tí o fi ránṣẹ́ nítorí ikọ́ wọn ló fà á. Èyí tó ń tu ìkùukùu omi jáde, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ni mo gbé e sí, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí àyà bàbá rẹ gan-an, mo sì yí i dé òpin, nítorí ibi tó ń dunni là ń fi oògùn sí. Mo ti fèrèsé pa, mo fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ tí ọmọ mi fowó rà má lọ máa jò sọ́dọ̀ aládùúgbò tí kò tíì kí wa kú oríire. Omi inú rẹ̀, mi ò dà á nù rí, bó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni mò ń bu òmíràn lé e. Èyí tó ń fọ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Asẹ́ inú rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Ìwọ náà mọ̀ mí, àga pálọ̀ wa ti pé ọdún mẹ́sàn-án nínú ọ̀rá, ta ló tíì rí àbàwọ́n lára rẹ̀?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo fọwọ́ kan ibùsùn láàárọ̀, ó tutù rinrin níhà ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Mo ní háà, ọjọ́ ogbó ti dé. Mi ò bá wọn jà, mo kàn rọra tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n má mu omi mọ́ lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n búra pé àwọn kọ́. Mo ní ẹni tó sùn kò lè mọ̀. Ibi tí mo ti wá ṣẹ̀ ni pé mo sọ fún ìyá aránṣọ, òun nìkan ṣoṣo ládùúgbò yìí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bò mí láṣìírí. Kò pẹ́ ni káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn wa ṣe fa bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àǹtí òun mọ ewé tó ń dá a dúró.  Bàbá rẹ kó aṣọ sínú àpò, wọ́n lọ.

Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ibùsùn ṣì ń tutù! Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ti kan èmi náà. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì tó ń wo ikọ́ wọn yà wá, tó ṣí yàrá, tó ní ṣé ilé nìyí àbí odò. Ògiri ti bu. Ó fi ìka kan inú ẹ̀rọ, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ní omi ẹ̀rọ ló ń sẹ̀ sórí ibùsùn, kí n máa dà á nù lójoojúmọ́, kí n máa fọ̀ ọ́, kí n máa fi omi tó mọ́ sí i, kí n gbé e jìnnà séèyàn, kí n dín in kù, kí n sì ṣí fèrèsé. Nígbà tó rí asẹ́ nínú ọ̀rá, ńṣe ló jókòó sílẹ̀. Ó ní látọjọ́ yìí kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó gbabẹ̀ kọjá. Mo bọ́ ọ̀rá náà, ó dùn mí dọ́kàn.

Mo lọ bẹ bàbá rẹ. Àárò wọn ń sọ mí, ilé ti dákẹ́ jù, kò sẹ́ni tí mo lè máa bá wí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n àwọn kò ní padà àfi tí mo bá tọ gbogbo ẹni tó gbọ́ lọ, kí n fẹnu ara mi sọ pé àwọn kọ́. Wọ́n ti kọ gbogbo wọn sínú ìwé, èèyàn mọ́kàndínlógún. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ màá gbá èyí tí mo bá lè gbá. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, nítorí abúlé mẹ́rin ni oníbàárà ìyá aránṣọ ti ń wá. Fi ti bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Olúwa á bù sí àpò rẹ, o ò ní fura òdì sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ, àmín.

Ìwọ ni bàbá rẹ kọ ṣáájú nínú ìwé náà, torí wọ́n mọ̀ pé mo ti sọ fún ọ nínú lẹ́tà tó kọjá. Ó dáa, bàbá rẹ kò tọ̀ sílé o. Jọ̀wọ́ pè wọ́n, kí o sọ fún wọn pé o ti gbọ́, ó ku méjìdínlógún.

Èmi ni, ìyá rẹ.