Ojú Ẹ̀rọ Yín Ti Jó

Bàbá mi, mo ti ba ọsilosikóòpù yín jẹ́, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo bí iná ṣe ń rìn nínú rédíò.

Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ tó kú nínú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan sì yọ láàárín gíláàsì ojú rẹ̀. Ayọ̀ mú mi pariwo, ọmọ jí, mo sáré lọ fún un lọ́mú. Ẹ kúkú ti kìlọ̀ pé, “Wàdùwàdù, má fi ìmọ́lẹ̀ yẹn sílẹ̀ lójú kan o, á jó gíláàsì.” Kí n tó padà dé, àpá dúdú ti wà níbẹ̀.

Ara wa le, ọmọ ti ń jókòó. Bàbá rẹ̀ kò tíì padà, iṣẹ́ rédíò la fi ń jẹun. Ṣé ẹ̀rọ náà ṣì wúlò? Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ bú mi, àmọ́ ẹ tètè fèsì.