Wọ́n Ní Alágbára Ni Mí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Addo.

Ọmọbìnrin tó ń ṣèwádìí bí àwa tí omíyalé bá ṣe ń fara dà á wá sílé lónìí.

“Àǹtí, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”

Ìyá Ìjọ wa jókòó tì mí nínú sùtánà wọn. Ta ló máa fẹnu ara ẹ̀ pe ibi níwájú wọn? Mo ní, “A dúpẹ́.”

“Ẹ̀rù òjò ńkọ́?”

“A dúpẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ pé alágbára ni mí, n kò nílò dókítà tó ń wo àárẹ̀ ọkàn. Alábàágbé mi tó bú sẹ́kún nígbà tó bi í ni wọ́n máa tọ́jú.

Ọmọ Yorùbá ni ọmọbìnrin olùwádìí yẹn náà o! Ṣé kò mọ̀ pé “a dúpẹ́” kì í ṣe ìdáhùn ni? Àbí èmi gan-an…

Òjò ti tún ṣú. Mo ti gun bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, bí mo ṣe ń sùn látìgbà tí omi ti wọlé.